Ihò Inú Ojú Oró

Kò sí lékeléke kan tó kọjú sí wa. Wọ́n tò sórí ojú oró bí aṣọ funfun tí wọ́n sá, gbogbo wọn kẹ̀yìn sí ibi tí Bàbá Apẹja ń wa ọkọ̀ gbà. Mo rí i, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́. Èmi kì í sábà sọ̀rọ̀.

Ọyẹ́ mú ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Mo ti jáde ilé-ìwé gírámà, mo ń retí èsì ìdánwò, n kò sì ní nǹkan kan ṣe. Ìyẹn ni mo fi bẹ Bàbá Apẹja pé kí wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pẹja ní dáàmù ọ̀nà Kúta, tí kò jìnnà sí ilé wa. Ojú oró ti bo omi ibẹ̀ pátápátá. Bí ènìyàn bá dúró létí rẹ̀, pápá ni yóò pè é. Ẹni tó bá fẹ́ pẹja níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ojú ọ̀nà tóóró kan wọ àárín, kí ó fi àdá la ihò sínú ewé, kí ó sì ju ìwọ̀ sí i.

Bàbá la ihò tiwa, ó fẹ̀ bí ẹnu odó. Omi inú rẹ̀ dúdú, kò sì mì.

Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́ o. Bí ihò bá ti là báyìí, a kì í dárúkọ èèyàn lórí rẹ̀. N kò ní pe tìrẹ. Ìwọ náà má pe ti ẹnikẹ́ni."

"Ó dáa, Bàbá."

Mo ju ìwọ̀ sílẹ̀. A jókòó títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Ni fóònù mi bá dún. Àbúrò mi ni, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó fi fóònù Màámi pè mí.

"Bọ̀dá mi, ṣé ẹ ti mú ẹja, àbí ẹja ló mú yín? Ẹ sọ ọ́ o, kí n yáa lọ ra sáàdìnì!"

Ẹ̀rín pa mí. "Kareemah, fi mí sílẹ̀ jàre!"

Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rántí. Omi inú ihò náà lọ sísàlẹ̀, ó sì padà sókè, bí ọ̀fun ẹni tó gbé òkèlè mì.

Bàbá kò bá mi wí. Wọ́n gbá àjẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí a gbà wọlé ti dí. Wọ́n fi àdá bẹ́ ewé, ó tún pa dé. Wọ́n bẹ́ ẹ títí òógùn fi bò wọ́n nínú ọyẹ́. Ọkọ̀ kò sún.

Mo pe ilé. Màámi ló gbé e.

"Kí ló tún kù? Kareemah ti ń bọ̀ níbẹ̀. Ṣebí ìwọ lo wá pè é lẹ́yìn ilé?"

Mo gbójú sókè. Mo rí híjáàbù yẹ́lò kan létí omi.

Mo kígbe, "Padà! Omi ni!" Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ létí. Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ láti inú ihò. Ohùn èmi gan-an ni.

"Kareemah, máa bọ̀. Ilẹ̀ ni."

Ó gbé ẹsẹ̀ lé orí ojú oró. Ẹsẹ̀ náà rì.

"Bàbá, kí ni ká ṣe?"

"Ẹnì kan ṣoṣo ni omi yìí lè fà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹlòmíràn bá fún un ní orúkọ ara rẹ̀, yóò fi ẹni tó ń fà sílẹ̀."

"Ẹ fún un ní tiyín!" N kò bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ báyẹn rí.

Wọ́n wò mí. "Kí ni orúkọ mi?"

N kò mọ̀ ọ́n. Láti kékeré, Bàbá Apẹja ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n.

Wọ́n ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti fún un, èyí tí a bá sì fún un kì í padà. Nítorí ọmọ mi ni."

Omi ti dé orúnkún Kareemah. Mo dojú bolẹ̀ sórí ihò náà títí imú mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi.

"Múyìíwá," ni mo wí, orúkọ èmi fúnra mi.

Ojú oró ya bí aṣọ. Ọkọ̀ mì. Létí omi lọ́hùn-ún, Kareemah wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó pariwo, ó sì sáré padà sórí ilẹ̀.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, ó dì mọ́ mi.

"Ẹ̀yin lẹ pè mí. Ẹ ní ilẹ̀ ni."

"Èmi kọ́."

Ó gbójú sókè, ó wo ojú mi fínnífínní. Ó fẹ́ mọ̀ dájú.

"Bọ̀dá Múyìíwá?"

Mo la ẹnu láti jẹ́ ẹ. Ohùn mi ti ṣáájú mi, láti àárín ojú oró, lẹ́yìn mi.

"Èmi rè é."

Ọwọ́ Kareemah tú kúrò lára mi.