Àwọn Ọmọ Ogun Inú Ẹ̀jẹ̀ Houda

Basirath ń gúnyán lọ́wọ́ nígbà tí Imorou, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń fi alùpùpù gbé èrò, mú èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Houda dé Bantè láti Savalou. Láti ìgbà tí Houda, àbúrò rẹ̀, ti ní itan ń dun òun ni gbogbo iṣẹ́ ilé ti di ti Basirath. Mílíìkì di ti Houda. Ibùsùn ìyá wọn pàápàá, Houda ló ń sùn sí i. Bẹ́ẹ̀ itan ọ̀hún kò wú, kò sì légbò, àfi ibà tó ń wá tó ń lọ.

Nọ́ọ̀sì tó ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò náà ti lọ fún àwọn ọmọdé Lougba ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kó tó lọ, ó kìlọ̀ fún Salimatou, ìyá wọn, pé bí èsì kò bá dára, kí wọ́n má dúró de òun, kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní Savalou lójú ẹsẹ̀. Faransé ni èsì náà, Basirath nìkan ló sì lè kà á nínú ilé.

"Bá wa kà á," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣé kí Imorou gbé wa lọ ni?"

Ẹ̀jẹ̀ funfun: ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún. Basirath rántí ohun tí tíṣà kọ́ wọn, pé ẹ̀jẹ̀ funfun ni ọmọ ogun tó ń gbèjà ara. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ iye tó yẹ kó jẹ́: ẹgbẹ̀rún mẹ́rin sí mẹ́wàá. Ó rí i dáadáa. Ó gbójú sókè, ó rí Houda tó gbórí lé ẹsẹ̀ ìyá wọn, tí ìyá ń fọwọ́ pa á lórí.

"Ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, Màmá. Ó lágbára jù mí lọ. Ìmẹ́lẹ́ ló ń ṣe é."

Houda rọra ní òun kì í ṣe ọ̀lẹ.

"Ọ̀gágun, dìde wá gúnyán nígbà náà," ni Basirath dá a lóhùn.

Imorou rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyá wọn mí kanlẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, Houda kò lè na ẹsẹ̀ mọ́. Ara rẹ̀ ń jó, ó ń ṣèrànrán, ó ń bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó dúró, òun ń bọ̀ wá gúnyán. Basirath mú ìwé èsì náà tọ ìyá wọn lọ.

"Màmá, iye tó yẹ kó jẹ́ wà níbẹ̀. Tirẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Mo rí i, mi ò kà á fún yín."

Ìyá rẹ̀ gbé Houda pọ̀n bó ti dàgbà tó, ó jáde lọ wá Imorou.

Ní Savalou, dókítà la itan náà, ó sì bá ọyún lábẹ́ ẹran, nítòsí egungun. Ó ṣàlàyé fún wọn pé bí ọmọ ogun bá pọ̀ tó báyẹn, ogun ni ara ń jà níbì kan. Iye yẹn kò lè dá sọ ibi tí ogun wà. Itan tí ọmọ ní ó ń dun òun ló sọ ìyẹn. Ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni, ọgbẹ́ náà ì bá kéré.

Houda yè, ṣùgbọ́n ó tiro títí ẹ̀ẹ̀rùn fi parí. Láti ìgbà náà, bí ìwé kankan bá dé, ìyá wọn a ká a pọ̀, a sì dúró de nọ́ọ̀sì, kódà bí Basirath bá jókòó tì í. Ìgbẹ́kẹ̀lé tó mú kí ìyá wọn máa fún un ní ìwé kà ni ohun kan ṣoṣo tí Basirath ní lọ́dọ̀ rẹ̀ tí Houda kò ní, ó sì ti sọ ọ́ nù. Owú ló jẹ́ kó ka ìdajì èsì, tó sì fi ìdajì pamọ́. Ẹni tí wọ́n bá ní kó kàwé fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kà á tán.