Kámẹ́rà Tí Hidayat Fẹ́

Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá mi dúró lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Hidayat. Wọ́n ń ṣe ìsoyìgì ní Ikosi, èmi ni wọ́n pè láti wá ya fídíò. Ìyá ìyàwó ní ọkùnrin kankan ò gbọdọ̀ wọ ibi tí àwọn obìnrin wà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣí ìbòrí wọn. Mo dúró sínú oòrùn bí ẹni tó wá tọrọ iṣẹ́.

Ọmọbìnrin kan jáde, ó na ọwọ́ sí mi. Ó ní kí n gbé kámẹ́rà wá, kí n fi ibi tí òun máa tẹ̀ han òun. Àbúrò ìyàwó ni, kò mú kámẹ́rà dání rí. Mo fi hàn án tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù, mo ń gbàdúrà pé kó má já a sílẹ̀.

Nígbà tí mo wo ohun tó yà, ẹnu yà mí. Ó ya omijé ojú ìyá ìyàwó, ó ya ọwọ́ tí wọ́n lé làálì sí. Láti ọdún márùn-ún tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò ya irú rẹ̀ rí. Mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ìfẹ́ rẹ̀ sì kó sí mi lára lójú ẹsẹ̀.

Bá a ṣe di méjì nìyẹn. Èmi á wà níta lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin, òun á wà nínú ilé lọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Láti Ketu dé Ogudu, wọ́n ń pè wá ní tọkọtìyàwó onífídíò, bẹ́ẹ̀ a ò tíì fẹ́ra. Ó máa ń pè mí ní ọkọ mi, èmi náà á ní, "Hidaya mi, ọ̀gá mi." Bàbá rẹ̀ tó ń ránṣọ ní Ajegunle gbà mí bí ọmọ.

Wàhálà kan ló wà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n máa ń ta kọ́tìnì dí fèrèsé kí àwọn ọkùnrin tó wà níta má baà yọjú, kámẹ́rà mi àtijọ́ kì í sì ríran nínú òkùnkùn ibẹ̀. La bá jọ dá àjọ, a lọ sí ṣọ́ọ̀bù Mutolib ní Ketu. Ó gbé méjì kalẹ̀. Ẹyọ kan lagbára wa ká.

Èkíní kéré. Hidayat gbé e wọ yàrá tí Mutolib ń kó ẹrù sí, ó pa ilẹ̀kùn dé. Nígbà tó jáde, a rí gbogbo páálí inú ibẹ̀ kedere, a tiẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára. Ṣùgbọ́n nínú oòrùn, ojú rẹ̀ ò ṣeé wò, kò sì lè fa ohun tó jìnnà mọ́ra. Èkejì lágbára. Mo dúró síta, mo fi ka nọ́ńbà fóònù tó wà lára pátákó kan nísàlẹ̀ títì. Òjò ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Nínú yàrá ẹrù, wúruwùru ló ń rí.

Hidayat ní, "Kékeré yìí ni. Èyí tá a ní tẹ́lẹ̀ ṣì lè ṣiṣẹ́ níta. Inú ilé ni mi ò ti ní nǹkan kan."

Mo gbà. A fi í sí Sátidé, nígbà tí alájọ á ti kó owó wa fún wa.

Ìyá mi ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọn ò bínú. Wọ́n ń ṣa èyí tó ti jẹrà kúrò nínú èyí tó dáa.

"Roqeeb, ṣé ìyàwó lo fẹ́ fẹ́ ni àbí ọmọṣẹ́? Tó bá bímọ tán, ṣé ilé onílé ni á máa wọ̀ kiri? Ra èyí tí ìwọ máa fi jẹun. Ìyàwó á wá bá mi nísọ̀."

Mi ò lè ṣàìgbọràn sí ìyá mi. Bàbá mi kú ní kékeré mi, àlùbọ́sà ni wọ́n fi tọ́ mi. Ní Jímọ̀, mo gba owó lọ́wọ́ alájọ, mo dá lọ ra èyí tó lágbára. Mo pe Hidayat, mo ní wọ́n ti ta kékeré. Ó ní kò burú, Ọlọ́run á ṣe òmíràn.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé èyí tí mo rà wọ ilé kan tí wọ́n ti dí fèrèsé. Nínú ohun tó yà, ojú ìyàwó ò hàn rárá. Ìyàwó sunkún, wọ́n sì bú Hidayat. Kò jà. Ó gba ọ̀dọ̀ Mutolib lọ béèrè bóyá irú kékeré yẹn ṣì máa dé, ó sì bá kékeré náà níbi tá a fi í sí.

Ó wá bá mi nílé, ó gbé kámẹ́rà sórí tábìlì.

"Kékeré yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ Mutolib."

Ojú tì mí. Mo jẹ́wọ́ pé ìyá mi ni ò fẹ́.

"Mi ò blame Mummy. Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá bá ẹ lọ bẹ̀ wọ́n. Ǹ bá kúnlẹ̀ fún wọn. O ò tiẹ̀ jẹ́ kí n bá ẹ bẹ̀ wọ́n, Roqeeb."

Mo ní mo máa tà á, mo máa ra kékeré. Ó mi orí. Ó ní òun ṣì nífẹ̀ẹ́ mi, ìyẹn gan-an ló ń dun òun. A jọ sunkún. Lọ́sẹ̀ yẹn ni bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ pé ọmọ òun ò fẹ́ mọ́. Mo dá owó àjọ Hidayat padà fún un, mo sì gbọ́ pé ó fi owó kún un, ó ra kékeré.

Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Kámẹ́rà mi dáa, mi ò ní purọ́. Iṣẹ́ ń wá, ìyá mi ń dúpẹ́. Tí àwọn tó gbéṣẹ́ fún mi bá béèrè ẹni tó máa bá wọn ya ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, nọ́ńbà Hidayat ni mo máa ń fún wọn. Wọ́n ní kì í pẹ́ tó fi ń gbé ìpè. Tèmi nìkan ni kì í gbé.