Sálúbàtà Ilé Màmá Hrubešová

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó fi sílẹ̀. Mi ò ní sọ pé kó lọ sí ìlú Brno lọ fojú ara rẹ̀ rí i, torí mi ò fẹ́ ẹ̀bi ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Radka ló sọ ọ́ fún mi, Radka kì í sì í parọ́. Ìbá wù mí kó jẹ́ irọ́ ló pa.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni òun àti Blanka ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìlú Bratislava. Yàrá kan náà ni wọ́n ń gbé, àdúgbò kan náà ni wọ́n sì ti dàgbà. Blanka nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ní àwọn fẹ́ lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ ní Brno, kí àwọn lè mu wáìnì gbígbóná ní ọjà Kérésì, ìyá náà pe Radka lórí fóònù.

"Radka, ìwọ lorí rẹ pé jù nínú yín. Mú ọmọ mi bọ̀ fún mi lọ́jọ́ Àìkú."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Èmi tí mo mú un lọ náà ni màá mú un bọ̀."

Ohun tó sọ nìyẹn. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́ nílẹ̀.

Ọ̀dọ̀ arúgbó kan tó ń dá gbé ni wọ́n ti gba yàrá, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ṣókùnkùn. Màmá Hrubešová lorúkọ rẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Àwọn ọmọ náà bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kó tó sọ fún wọn, torí ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé kò jẹ́ wọ bàtà ìta wọlé onílé láéláé. Onílé náà ló sì gbọ́dọ̀ fún àlejò ní sálúbàtà. Ìbọ̀sẹ̀ lásán lórí ilẹ̀ tútù, ìtìjú ni fún àlejò àti onílé.

Ó fún Radka ní tiẹ̀. Ó ní kí Blanka dúró kí òun wá òmíràn nínú yàrá. Blanka dúró títí, òtútù mú un lẹ́sẹ̀. Ó rí sálúbàtà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn ilé ìdáná, aláwọ̀ eérú, onírun àgùntàn. Ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

"Radka," ló wí. "Ó gbóná."

"Kí ló gbóná?"

"Sálúbàtà yìí. Àfi bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ síbẹ̀."

Màmá Hrubešová jáde sí wọn, ó mú òmíràn lọ́wọ́. Ó wo ẹsẹ̀ Blanka. Ó rọra fi èyí tó mú bọ̀ sílẹ̀.

"Èyí kọ́ ni mo fẹ́ fún ọ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n o ti wọ̀ ọ́."

"Ta ló ni ín, Mà?" Radka bi í.

"Ará ilé ni."

Wọ́n lọ sí ọjà. Òkùnkùn ti ń ṣú láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bó ti máa ń rí nígbà òtútù níbẹ̀, yìnyín ń já bọ́, èèyàn pọ̀ bí eṣú. Blanka kò gbádùn ohunkóhun. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun nínú bàtà. Wáìnì rẹ̀ tutù lọ́wọ́ rẹ̀, kò mu ún.

"Jẹ́ ká máa lọ sílé," ló ń sọ.

"Ilé wo? Ìyàwó ilé ni ọ́ ni?" Radka ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọmọ ogún ọdún, ẹsẹ̀ ìyá àgbà."

Blanka kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n padà, ó ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà náà, ó mí kanlẹ̀. Ó wọ ilé ìdáná lọ bá arúgbó náà bó ọ̀dùnkún. Kò béèrè ibi tí ọ̀bẹ wà. Ó kàn na ọwọ́ mú un.

Radka jókòó nínú yàrá. Ó ń gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì ní ìdáná, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ẹsẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣìì. Ṣìì. Ẹnì kan ń wọ́ sálúbàtà nílẹ̀. Ohùn àwọn tó wà ní ìdáná kò sì dáwọ́ dúró. Ó ṣí ìlẹ̀kùn. Kò sí ẹnì kankan. Pákó ìkóbàtà ló rí, èyí tí kò wò dáadáa nígbà tí wọ́n dé. Bàtà kún un dé òkè: ti ọkùnrin, ti obìnrin, ti ọmọ iléèwé kan. Eruku ti bò wọ́n. Arúgbó tó ń dá gbé ló ni ilé o. Radka yára ti ìlẹ̀kùn padà.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó di ẹrù àwọn méjèèjì. Blanka jókòó sórí àga ní ìdáná, kò múra.

"Rélùwéè ò ní dúró dè wá, Blanka."

"Máa lọ."

"Ìyá ẹ ńkọ́?"

"Kó wá bá mi níbí. Àyè wà."

Radka kúnlẹ̀, ó di sálúbàtà náà mú, ó fà á. Kò bọ́. Ó tún fà á pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀.

"Ó ń dùn mí," Blanka wí, láìbínú.

Radka kọjú sí arúgbó náà, omijé ti dé ojú rẹ̀. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀."

Màmá Hrubešová náà ń sunkún. Ó na ẹsẹ̀ tirẹ̀ jáde lábẹ́ tábìlì, sálúbàtà onírun àgùntàn wà níbẹ̀.

"Ọmọ mi," ló wí, "èmi náà, àlejò òpin ọ̀sẹ̀ ni mo jẹ́."

Radka nìkan ló wọ rélùwéè. Àwọn ọlọ́pàá tó fọ̀rọ̀ náà tó létí lọ wo Blanka lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní ara ọmọ le, àgbàlagbà ni, ó sì ní ilé òun lòun wà. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe sí i?

Ìyá Blanka wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, òun àti Radka. Radka kò gbẹ́nu dákẹ́ lójú ọ̀nà.

"Mà, ẹ má bọ́ bàtà. Bí wọ́n bẹ̀ yín, ẹ má bọ́ ọ."

"Mi ò ní bọ́ ọ. Ọmọ mi ni mò ń lọ mú."

Blanka ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti sanra díẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Ó fà sẹ́yìn sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ọwọ́ kò lè tó o. Ilẹ̀ tútù rinrin láàárín wọn.

"Màmá, ẹ rọra o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ ni."

Ìyá náà wo ilẹ̀. Ó wo bàtà ara rẹ̀, yìnyín ti di ẹrẹ̀ lára rẹ̀. Radka di apá rẹ̀ mú.

"Mà. Ẹ ṣèlérí."

"Mo mọ̀," ìyá náà wí, ó ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ okùn bàtà. "Mo mọ̀, Radka. Ṣùgbọ́n ṣé kí n wá fi ẹrẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí ọmọ mi nù?"

Ó wọlé. Blanka dì mọ́ ọn.

Radka ní òun fẹ́ sáré wọlé tòun ti bàtà, kí òun fa àwọn méjèèjì jáde. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹsẹ̀ náà dúró lófuurufú, kò lè balẹ̀ sórí omi tó mọ́ yẹn. Ó gbìyànjú títí. Gbogbo ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá tirẹ̀ fi sí i lára ló ń di ẹsẹ̀ náà mú. Ó sọkún sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Wọn ò tilẹ̀ ti ìlẹ̀kùn.

Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Bó bá pè wọ́n, wọ́n á gbé fóònù. Wọ́n ní àwọn wà dáadáa, wọ́n sì ń bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀. Radka kì í bọ́ bàtà mọ́, ì báà ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bi mí pé aago mélòó ni rélùwéè Brno ń gbéra ní Sátidé. Mo ní mi ò mọ̀. Ó wò mí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kò burú, òun á béèrè ní ibùdókọ̀.