Kà Á fún Mi, Mọ̀nsúrát

Ọjọ́ Àìkú kan tí òjò ń rọ̀ ni Mọ̀nsúrát kọ́kọ́ rí i. Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀ǹkàwé ti ń pàdé, lókè ilé Màmá Títílọlá ní Ọ̀tà. Aṣọ iṣẹ́ búlúù tí wọ́n ń wọ̀ ní ilé iṣẹ́ páànù ló wà lọ́rùn rẹ̀. Omi ń kán tótótó láti orí rẹ̀ dé àgbọ̀n, ṣùgbọ́n ìwé tó gbá mọ́ àyà kò rin rárá. Ó ti fi ọ̀rá wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun.

"Ẹ wọlé, kí òtútù má pa yín," ni Màmá Títílọlá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, wí. "Àga kan ló ṣẹ́ kù."

Ẹ̀gbẹ́ Mọ̀nsúrát ni àga náà wà.

Ìlànà ẹgbẹ́ wọn kò le. Olúkúlùkù á sọ ìwé tó ń kà lọ́wọ́, á sì dárúkọ ẹni tó rò pé ìwé náà máa bá lára mu. Èèwọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ bí ìwé ṣe parí fún ẹni tí kò tíì kà á tán.

Nígbà tó kan ọkùnrin náà, ó ní Waliyullah lorúkọ òun, ọmọ Ìwó tó ń ṣiṣẹ́ ní Ṣàngó. Ó gbé ìwé rẹ̀ sókè. "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti dúró sójú ìwé kejìlélọ́gọ́rin. Ìyá kan ń ṣàìsàn níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá ṣí i báyìí, ó kú nìyẹn."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mọ̀nsúrát nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo ojú ọkùnrin yìí, ó rí i pé kò fi ṣàwàdà.

Nígbà tí ìpàdé tú, ó lé e bá lórí àtẹ̀gùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màmá pé mo rú òfin. Ẹ ṣí ìwé yín. Kò kú."

"Ṣé lóòótọ́?"

"Ó yè. Ó tún dá oko ẹ̀pà."

Ẹ̀rín tó bọ́ lẹ́nu Waliyullah dà bí ti ẹni tí wọ́n dá ìyá rẹ̀ gan-an padà fún. "Ọlọ́run á san yín lóore. Kí ni wọ́n ń pe ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà mí là yìí?"

"Mọ̀nsúrát," ló dáhùn, ó sì sáré sọ̀kalẹ̀ kó má baà rí i pé ojú ń ti òun.

Láti ọjọ́ náà ni ìwé ti ń rìn láàárín wọn. Ṣọ́ọ̀bù oògùn kan nítòsí ọjà ni Mọ̀nsúrát ti ń tajà. Waliyullah a sì máa yà síbẹ̀ bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Mọ̀nsúrát a máa jẹ ìwé bí ẹni jẹ gúgúrú. Waliyullah a máa kà á bí ẹni ń yọ egungun ẹja.

"Ìjàpá, ojú ìwé mélòó lo dé?" ni Mọ̀nsúrát á kọ ránṣẹ́ lórí fóònù.

"Eléré ìje, ṣé o tiẹ̀ rántí orúkọ ẹni tó ni ìtàn tí o kà lánàá?" ni èsì á padà.

Kí oṣù mẹ́fà tó pé, "ẹ̀yin" ti di "ìwọ", "ìwọ" sì ti di "olólùfẹ́ mi". Waliyullah ṣèlérí pé bí ọdún Iléyá bá ti kọjá, àwọn ẹbí òun á wá tọrọ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún ni ìjàǹbá ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé páànù ta èérún irin sí i lójú ọ̀tún, iná tó ṣẹ́ lára rẹ̀ sì jó ojú òsì. Dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó fi báńdéèjì di ojú méjèèjì, ó ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó ṣí i. Nígbà tí Mọ̀nsúrát bi í bóyá Waliyullah á tún ríran, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà."

Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ṣàngó ni wọ́n gbé e lọ. Lọ́dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀ ni Mọ̀nsúrát ti bá a lọ́jọ́ kejì.

"Má wá mọ́," ni Waliyullah wí. "Mi ò fẹ́ kí o so ara rẹ mọ́ afọ́jú."

"Mo ti gbọ́. Ṣé o ti ka ìwé tuntun tí Màmá Títílọlá ní ká kà?"

"Kí ni n ó fi kà á?"

"Etí," ni Mọ̀nsúrát wí, ó sì ṣí ìwé.

Ìtàn káfíńtà kan ni, tó ṣí lọ sílùú àjèjì, tí ìjòyè ibẹ̀ sì ní kó kan ilẹ̀kùn ilé òun. Mọ̀nsúrát ka orí méjì, ó fẹ́ pa ìwé dé. Waliyullah nawọ́ wá a nínú òkùnkùn tirẹ̀. "Kà á fún mi, Mọ̀nsúrát. Díẹ̀ sí i."

Ó kà á. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, bó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Kò pẹ́ tí bàbá Mọ̀nsúrát fi gbọ́. Káfíńtà àgbà ni bàbá yìí, Kàsúmù lorúkọ rẹ̀, ọmọ bíbí Ọ̀tà, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ọdún mẹ́tàdínlógún tọ́jú ọkọ tó ń ṣàìsàn," ló wí. "Kó tó pé ogójì ọdún, orí rẹ̀ ti funfun. Mi ò ní jókòó kí n máa wo ìwọ náà bẹ́ẹ̀. O ò gbọdọ̀ dé Ṣàngó mọ́."

Mọ̀nsúrát kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá mi. Mi ò lè purọ́ fún yín. Mo máa lọ lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá gun ọ̀kadà, ó ní òun ń lọ fà á wálé. Bó ṣe fẹ́ kan géètì báyìí ló gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀: "Káfíńtà náà gé igi ìrókò tútù, ó sì fi kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà gan-an."

"Irọ́ ni!" Kó tó mọ̀, ó ti wọlé. "Ta ló kọ ìyẹn? Bí èèyàn bá fi igi tútù kan ilẹ̀kùn, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, á ti lọ́!"

"Bàbá mi!" ni Mọ̀nsúrát kígbe. Waliyullah dìde gìrì, ó dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò omi ló dọ̀bálẹ̀ fún. Bàbá rí i, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò sílẹ̀ láti Ọ̀tà sì tú mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá," ni Waliyullah wí láti ilẹ̀. "Mo rò pé káfíńtà náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ìjòyè yẹn ti bú u. Bóyá kò fẹ́ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ pẹ́."

Bàbá kò ronú kan ìyẹn. Ó fa bẹ́ǹṣì, ó jókòó. "Kà á lọ, ká gbọ́."

Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn náà lòun fẹ́ mọ ibi tó máa já sí. Ó tún wá lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kan tí Mọ̀nsúrát pẹ́ dé, àwọn méjèèjì ló bá tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín: Bàbá kó ègé igi mẹ́ta lé Waliyullah lọ́wọ́, ó ní kó fi imú mọ èyí tó jẹ́ igi afárá. Síbẹ̀, bí wọ́n bá délé, Bàbá kì í mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Mọ̀nsúrát náà kò sì tó bẹ́ẹ̀ láti bi í.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí báńdéèjì, Bàbá kàn bá wọn wọ takisí ni. Ẹnikẹ́ni kò pè é. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé ilé ìwòsàn, ó wúkọ́.

"Waliyullah."

"Bàbá."

"Kí wọ́n tó ṣí ojú yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ojú ni mo wò. O ríran o, o ò ríran o, ní kí àwọn èèyàn rẹ wá rí mi. Ẹ̀gbọ́n mi tí mò ń fi ṣe àpẹẹrẹ, mi ò bi í rí bóyá ó kábàámọ̀. Mo bi í lánàá. Ó ní rárá."

Waliyullah bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́.

Dókítà tú báńdéèjì náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ojú òsì kọ́kọ́ là, omi dà lára rẹ̀. Ọ̀tún tẹ̀ lé e.

"Kí lẹ rí?" ni dókítà béèrè.

Waliyullah wo ògiri, ó wo Bàbá, ojú rẹ̀ wá dúró síbì kan. "Mo rí arẹwà kan tó ń sunkún. Híjáàbù rẹ̀ ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Ojú ọ̀tún ńkọ́?"

"Ó dà bíi pé inú èéfín ni mo ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n mo rí i."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní èéfín náà á ká kúrò díẹ̀díẹ̀, kó ṣáà máa lo oògùn rẹ̀ déédéé.

"Alihamudulilahi!" Bàbá fara ti ògiri bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù orí kalẹ̀. Ní ti Mọ̀nsúrát, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí, ó sì sun ẹkún tí kò rí àyè sun láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lóṣù kejì, àwọn ará Ìwó dé, wọ́n rí Bàbá, ọ̀rọ̀ sì wọ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni wọ́n so yìgì ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Lémọ́mù yíjú sí ìyàwó. "Mọ̀nsúrát, ọmọ Kàsúmù, ǹjẹ́ o gbà láti fẹ́—"

"Mo gbà!"

Ẹ̀rín sọ. Bàbá alára rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. "Ọmọ yìí," ni Lémọ́mù wí, "jẹ́ kí n parí ẹ̀ ná."

Ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Mọ̀nsúrát dúró títí ó fi kan ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn. Ó gbójú sókè, ó rí Waliyullah tó ń wo òun, ara rẹ̀ sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

"Mo gbà," ló wí.