Ẹ̀mú Tí Kò Tíì Jáde Nínú Ẹ̀rọ

"Bùrọ̀dá, ẹ mọ́wọ́ kúrò níbẹ̀! Ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ni!"

Ohun àkọ́kọ́ tí Àdíját, tó ń tọ́jú irinṣẹ́, sọ fún Yahya nìyẹn, ní ilé ìwòsàn eyín kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, lọ́dún 2012. Yahya wá tún ẹ̀rọ tó ń fọ irinṣẹ́ eyín ṣe, ó sì fẹ́ fọwọ́ lásán gbé ẹ̀mú tí wọ́n fi ń yọ eyín.

"Ìbọ̀wọ́ yín dà? Àbí ẹ fẹ́ kó àrùn lọ bá ìyàwó ilé?"

"Mi ò tíì níyàwó."

"Ta ló bi yín léèrè?"

Látọjọ́ náà, bí ẹ̀rọ yẹn ò tilẹ̀ bàjẹ́, Yahya á wá wò ó. Ó fẹ́ràn bí Àdíját ṣe máa ń la ẹnu ẹ̀mú kọ̀ọ̀kan kó tó tò ó sínú ẹ̀rọ, kí omi gbígbóná lè wọ kọ̀rọ̀ rẹ̀ pa kòkòrò. Kì í kánjú, kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pe ara wọn ní "Yahya mi", "Àdíjá mi".

Ó wá ku kí ìyá Yahya fọwọ́ sí i. Eyín ń dùn ún, ni Yahya bá mú un wá láti Ìgàndó, kó lè tibẹ̀ rí ìyàwó àfẹ́sọ́nà. Gbogbo ẹ̀mú wà nínú ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, Àdíját sì tún ìfọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

"Mú un wá bẹ́ẹ̀, jàre!" ni ìyá ń ké. "Ṣebí ó ti fọ̀!"

"Ẹ má bínú, mà. Kò tíì pé. Ẹnu ẹlòmíì ló ti jáde."

Ìyá di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó dìde. "Èmi ń jẹ̀rora, ìyàwó ọmọ mi ń ṣọ́ ẹ̀rọ!" Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó ní òun ò ní gbà kí Yahya fẹ́ Àdíját, àfi tó bá wá kúnlẹ̀, kó gbà pé òun jẹ̀bi. Àdíját wá sí Ìgàndó, ó kúnlẹ̀.

"Mà, ó dùn mí pé ẹ jẹ̀rora. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ̀bi."

Ìyá kẹ̀yìn sí i.

Níta, Yahya bẹ̀ ẹ́. "Olólùfẹ́ mi, ṣáà sọ pé o jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

"Tí mo bá sọ ọ́, lọ́jọ́ tí ìyá ẹlòmíì bá tún ń ké ńkọ́? Lójú tìẹ, ṣé mo jẹ̀bi?"

Yahya mọ èsì. Ó wo ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀.

"Mo ti gbọ́," ni Àdíját wí. Ó gun ọ̀kadà lọ.

Nígbà ọyẹ́, ẹ̀rọ náà bàjẹ́ ní tòótọ́. Yahya wọ ìbọ̀wọ́, ó tún un ṣe. Àdíját ń la ẹnu àwọn ẹ̀mú, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Àdíjá mi." Yahya ló pè é.

Àdíját ò gbójú sókè.

"Ó ti ń ṣiṣẹ́, àbí? Ẹ ṣé, bùrọ̀dá."