Fíúsì Inú Àpò Mi

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó wá fọwọ́ kan àpò mi ní aago méje òwúrọ̀. Oníṣẹ́ iná ni mí, ó ti lé lógún ọdún. Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ náà kó tó kú, èmi àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin, nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń sá fún wáyà. Mi kì í fi iná ṣeré. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi kòrókòró, nínú ilé ara mi.

Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá mi ń gbé láti ìgbà tí bàbá ti lọ. Orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò lè bẹ̀rẹ̀ sídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́, kò sì gbà kí n wẹ̀ fún òun. Ó ní òun lòun wẹ̀ fún mi ní kékeré, kí n má dán an wò. Àga kékeré kan ló máa ń jókòó lé lábẹ́ ṣáwà oníná tí mo kàn mọ́ ògiri, omi gbígbóná á máa dà sí i lára, inú rẹ̀ á máa dùn.

Ṣáwà náà wá bàjẹ́. Omi ń jáde o, ṣùgbọ́n ó tutù nini. Iṣẹ́ àwọn èèyàn ò jẹ́ kí n ráyè tèmi. Lọ́jọ́ kẹta, mo bá ìyá mi níbi tó ti ń di ẹrù, ó ní òun ń lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, pé omi gbígbóná wà níbẹ̀. Ọkọ mi ní ká kúkú pe oníṣẹ́ iná gidi. Mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Mi ò fẹ́ kí ìyá mi lọ, ó dùn mí dọ́kàn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo dojú kọ ṣáwà náà. Mo fi tẹ́sítà kan wáyà, ó tàn, iná ń dé ibẹ̀ dáadáa. Mo lọ yọ fíúsì rẹ̀, mo sọ ọ́ sápò. Bàbá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀: kò sẹ́ni tó máa ṣèèṣì tan iná tí fíúsì rẹ̀ wà lápò ẹ. Mo tún fi tẹ́sítà kàn án, kò tàn mọ́. Mo tú ìdérí ṣáwà. Irin wẹ́ẹ́rẹ́ tó ń mú omi gbóná ti já sí méjì, ó dúdú bí èédú. Mo yọ ọ́, mo gbé e sórí tábìlì, mo dé ìdérí padà.

Mo ń bá ẹni tó ń ta ṣáwà sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà tí mo gbọ́ omi. Ìyá mi ti rí i pé mo pa àpótí irinṣẹ́ dé, ó rò pé mo ti ṣe é tán. Mo sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀.

Mo fẹ́ kan ilẹ̀kùn. Mo rí oru. Ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, ó ń kàn mí lẹ́sẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́, àfi ìró omi. Nǹkan kan ń jó mi nítan. Mo kiwọ́ bọ àpò.

Fíúsì ni. Ó gbóná.

Mo bojú wẹ̀yìn wo tábìlì. Irin jíjá náà wà níbi tí mo gbé e sí.

Ìyá mi sọ̀rọ̀ nínú balùwẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń dá èèyàn lóhùn.

"Ó ti tó. Ẹ ṣeun."

Fíúsì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù lọ́wọ́ mi. Nígbà tí a wà ní kékeré, ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ni bàbá mi máa ń dúró sí, á máa bi ìyá mi bóyá omi ti gbóná tó.

Ìyá mi jáde, ara rẹ̀ ń dán. Ó ní mo káre, ó sì lọ tú ẹrù rẹ̀. Ọkọ mi gbọ́ pé omi ti gbóná, ló bá wọlé lọ wẹ̀. Igbe tó ké, àwọn aládùúgbò gbọ́. Ó ní yìnyín ni. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí, lẹ́yìn náà ni mo jókòó sídìí tábìlì, mo ń wo irin jíjá náà.

Ṣáwà tuntun ti dé láti oṣù márùn-ún. Inú páálí ló ṣì wà. Tí mo bá kàn án, mo gbọ́dọ̀ dá fíúsì padà, ọkàn mi ò sì gbà á. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni ọkọ mi ń lò, ó sì ń ráhùn lójoojúmọ́. Ìyá mi ò sọ̀rọ̀ àtilọ mọ́, aago méje àràárọ̀ ló ń jókòó sábẹ́ ṣáwà, oru á sì máa jáde.

Mo bi í lọ́jọ́ kan, níbi tó ti ń para.

"Ta lẹ máa ń dá lóhùn níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹni tó ń bi mí ni."

Ó wá ní kí n bá òun wá ìdérí ìpara òun.

Aago méje ti fẹ́ lù báyìí. Ìyá mi ti mú aṣọ ìnura, ó ti ti ilẹ̀kùn. Ẹ dúró díẹ̀. Ó yá, ẹ fọwọ́ kan àpò mi.