Wọ́n Dínà Mọ́ Ojúọlá

Ṣóbọ̀wálé kò ṣàìsàn kó tó kú. Ohun tó kọ́kọ́ ba gbogbo ará Ìdí-Ọ̀gánwó lẹ́rù nìyẹn. Ó ru obì lọ sí Ìsarà láàárọ̀, ó tà á tán, ó sì gba ọ̀nà ẹsẹ̀ padà bọ̀ nírọ̀lẹ́. Àwọn obìnrin tó ń ti oko ẹ̀gẹ́ dé ló bá a lẹ́bàá ọ̀nà, kò jìnnà sí odò Alámọ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ ti pa dé mọ́ra, itọ́ funfun sì ń hó lẹ́nu rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e délé, ó ti dákẹ́.

Ọ̀nà méjì péré ló jáde ní abúlé náà nígbà yẹn, mọ́tò kò sì lè gba ìkankan nínú wọn. Ọ̀kan sọ̀kalẹ̀ sí odò Alámọ̀, ó gba inú igbó obì lọ sí ọjà Ìsarà. Èkejì lọ já sí títì ní Akaka, níbi tí èèyàn ti lè wọkọ̀ lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Ohun tí abúlé ń tà àti ohun tó ń rà, orí ènìyàn ló ń gbé e gba ibẹ̀.

Ọdún ọ̀dá ni ọdún náà, ó ku díẹ̀ kí àwọn ṣójà tún gba ìjọba. Kòkó gbẹ mọ́ igi. Ẹ̀gẹ́ kò ta. Odò Alámọ̀ fà títí ó fi di omi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ́ lọ lábẹ́ ọparun, síbẹ̀ ibẹ̀ náà ni àwọn tó ń lọ ọjà ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ láti bu omi mu.

Ojúọlá ni ìyá Ṣóbọ̀wálé. Ọmọ méje ló bí, mẹ́rin ti kú ní kékeré. Nígbà tí Ṣóbọ̀wálé náà lọ, ó ku Olúsànyà, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, àti Adétóun tó lọ́kọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Ẹnu ọ̀nà Ìsarà gan-an ni ilé ìyá àgbà náà wà; kò sẹ́ni tó lè lọ ọjà láìkọjá níwájú rẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọmọ rẹ̀ tó ti kú. Wọ́n ń béèrè ẹni tó ń jẹ wọ́n.

Lẹ́yìn ìsìnkú, òwìwí kan já bọ́ sẹ́yìnkùlé Ojúọlá lójúmọmọ. Ó na ìyẹ́ gbalaja, ó gbọ̀n díẹ̀, ó kú. Ọmọ́yẹni, opó Ṣóbọ̀wálé, tí oyún rẹ̀ ti ń yọ lábẹ́ aṣọ dúdú, ló kọ́kọ́ rí i.

"Ẹyẹ ta nìyí?" ló béèrè.

"Ẹyẹ igbó ni," ni Ojúọlá dáhùn. "Ibo ni kí n ti mọ olówó rẹ̀?"

"Ẹyẹ tó ń fò lóru, tó wá kú lọ́sàn-án, sẹ́yìnkùlé yín. Ọkọ mi náà, ojú ọ̀nà ẹ̀yìn ilé yín níbí ló kú sí."

Láídé, ìyàwó Olúsànyà, di ìyáalé rẹ̀ mú lápá, ó ní kó dákẹ́. Ọmọ́yẹni já ọwọ́ gbà. "Ìwọ dúró dìgbà tó bá kan tìẹ," ló sọ.

Kò pẹ́ kó tó kàn án. Láídé pọn Abíọ́lá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lọ ọjà Ìsarà, ó fún un lómi mu ní odò bí wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n sì padà dé láìséwu. Ọmọ náà yà ní ilé ìyá àgbà, ó jẹ ìkókoré díẹ̀. Kó tó di pé wọ́n tan fìtílà, ó ti na gan, ojú rẹ̀ yí sókè. Wọ́n fi àdín pa á lára, wọ́n fi ṣíbí sí i lẹ́nu. Gìrì náà lọ, ó tún padà wá, kò sì jẹ́ kí ọmọ dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́.

Ìkókoré yẹn ló kó Ojúọlá sí ẹjọ́. Baálẹ̀ pe ìpàdé. Wọ́n ní lọ́jọ́ kejì ọjà tó ń bọ̀, ìyá àgbà yóò mu omi èèpo igi ọbọ̀ lójú gbogbo abúlé. Bó bá bì í, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí kò bá bì í, oró náà á pa á, ọ̀rọ̀ á sì parí. Títí dìgbà náà, kò gbọdọ̀ jáde. Wọ́n fi Ọdúnayọ̀ àti àwọn géńdé mìíràn sẹ́nu ọ̀nà méjèèjì.

Wọ́n bi Olúsànyà bóyá ó lọ́rọ̀ láti sọ nípa ìyá rẹ̀. Ó wo ilẹ̀ títí. "Ohun tí abúlé bá wí náà ni," ló sọ.

Láídé gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà Akaka lọ́jọ́ kejì, ó fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìkẹ́nnẹ́. Ọdúnayọ̀ na ọwọ́ dí i. "Ìyàwó wa, ẹ padà. Ọmọ tí àjẹ́ ti mú, bẹ́ ẹ bá gbé e jáde kó tó tú u sílẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ ò ní bá yín lọ. Ẹ jẹ́ kí ìyá yẹn mu ọbọ̀ ná."

"Bí ọmọ mi bá kú kó tó mu ọbọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ padà sílé."

Láídé bá Olúsànyà nílé níbi tó ti ń ká àwọ̀n. "Bàbá Abíọ́lá, ẹ bá mi bá Baálẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n á gbọ́ tiyín."

"Kí ni kí n sọ?"

"Ẹ sọ pé ọmọ yín ń kú lọ. Ẹ sọ pé ìyá yín nìyẹn."

Olúsànyà dìde, ó fi àwọ̀n kọ́ èjìká. "Ọ̀la lọjà. Mo ní láti wá ohun tí a máa tà," ló wí, ó sì jáde.

Láídé jókòó ti ọmọ títí gìrì fi tún mú un. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bí Ojúọlá bá jẹ́ àjẹ́ lóòótọ́, ọwọ́ àjẹ́ ni òun ń gbé ọmọ lọ. Bí kò bá jẹ́ àjẹ́, ìyá àgbà náà nìkan lẹni tó mọ ọ̀nà mìíràn. Ó pọn ọmọ, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé tọ ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ sọ fún mi nígbà kan pé ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń gbà ru kòkó láyé àtijọ́."

Ojúọlá wò ó. "Igbó ti bò ó. Ó gba òkè odò lọ, ó yọ lẹ́yìn Akaka. Ṣé ẹ̀rù mi ò bà ọ́?"

"Ẹ̀rù yín ń bà mí," ni Láídé wí. "Ẹ dìde ká máa lọ, ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n gba abẹ́ igi kòkó tó ti kú lọ. Ojúọlá ń fi ọ̀pá ya ẹ̀gún síwájú. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n dé òkè odò Alámọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé mọ́. Wọ́n gbọ́ tí ohun kan ń pa omi, wọ́n sì dúró.

Olúsànyà wà nínú odò dé orúnkún. Agolo oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dà á, omi sì ń funfun bíi wàrà níbi tó dà á sí. Àwọn ẹja ń yí ikùn sókè, ó ń ṣà wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀. Omi funfun náà ń yọ́ lọ sísàlẹ̀, síhà ibi tí ọ̀nà Ìsarà ti ré odò kọjá.

"Bàbá Abíọ́lá," ni Láídé pè é, "ṣé omi tí à ń mu lẹ̀ ń da ìyẹn sí?"

Agolo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Oko ò so. Ẹja yìí la fi ń jẹun. Mo rò pé kí ilẹ̀ tó mọ́, omi á ti gbé e lọ."

"Ẹ̀gbọ́n yín kò dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ló kọjá."

"Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ náà ló máa padà."

"Abíọ́lá ńkọ́? Ẹ ti mọ̀ nígbà yẹn."

Ó wo ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ó gbójú kúrò. "Mi ò mọ̀ dájú. Wọ́n ní àjẹ́ ni. Mo gbàdúrà pé kó jẹ́ àjẹ́ náà ni lóòótọ́."

Ojúọlá ń gbọ́. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ilẹ̀, ó sì jókòó sórí gbòǹgbò kan. Nígbà tó sọ̀rọ̀, Láídé ló ń bá sọ ọ́.

"Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló kù fún mi. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á pa á. Jẹ́ kí n máa jẹ́ àjẹ́ lọ, ọmọ mi. Tí mo bá ti dé Ìkẹ́nnẹ́, wọn ò ní rí mi fún lọ́bọ̀. Kí ló kù tí orúkọ fẹ́ fi mí ṣe?"

"Ọ̀la lọjà, Màmá. Ìyáalé mi á bu omi mu níbẹ̀, tòun ti oyún inú rẹ̀."

Ìyá àgbà dìde, ó yí ẹ̀yìn padà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láídé tú Abíọ́lá sílẹ̀, ó gbé e lé e lẹ́yìn, ó sì so ọ̀já. "Ilé Adétóun ni mo ń gbé e lọ, àwọn ará ilé rẹ̀ á mú wa dé ilé ìwòsàn," ni Ojúọlá wí. "Mi ò rán ọ, mi ò sì dá ọ dúró." Ó wọ inú igbó lọ.

Nígbà tí Láídé padà dé abúlé, wọ́n ti mọ̀ pé Ojúọlá ti sá. Wọ́n wò ó, kò sí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ́yẹni pariwo pé ó ti gbé ọmọ fún àjẹ́. Láídé sọ ohun tó rí níwájú Baálẹ̀, kò fi ìkankan pa mọ́. Baálẹ̀ ránṣẹ́ pe Olúsànyà. Ó ti wẹ̀, ó ti pààrọ̀ aṣọ.

"Mi ò mọ ohun tó ń sọ," ni Olúsànyà wí. "Oko ni mo lọ."

Wọ́n ti Láídé mọ́ inú yàrá Ojúọlá. Wọ́n ní bí ìyá àgbà kò bá padà, òun ni yóò mu ọbọ̀. Ó jókòó sórí ẹní ìyá ọkọ rẹ̀, ó ń ro ọmọ tó gbé fún un: bóyá ó ti dé títì, bóyá ó ti kú lẹ́yìn rẹ̀.

Láàárọ̀, àwọn ọlọ́jà gbé ẹrù, wọ́n sì mú Láídé dání lọ sí odò kó lọ fi ohun tó ń wí hàn wọ́n. Olúsànyà wà láàárín àwọn ọkùnrin. Wọ́n bá ẹja díẹ̀ tó léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọparun. Ọdúnayọ̀ ní àjẹ́ náà lè pa ẹja.

Ọmọ́yẹni sọ ẹrù kalẹ̀, ó mú igbá. "Láti kékeré ni mo ti ń mu omi yìí," ló wí. "Bó bá pa mí, a ó mọ̀ pé òótọ́ ló sọ."

"Ìyáalé mi, mo bẹ̀ yín," ni Láídé wí, ṣùgbọ́n wọ́n dì í mú.

Ọmọ́yẹni bu omi, ó gbé igbá dé ètè. Ẹnìkan ti àárín èrò já wọ inú odò, ó gbá igbá náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Olúsànyà ni. Ó dúró síwájú rẹ̀, omi ń ro lára rẹ̀.

"Má mu ún, ìyàwó," ló wí. "Èmi ni."

Ọmọ́yẹni wo igbá tó ń léfòó lọ lójú omi, ó wo ojú àbúrò ọkọ rẹ̀, ó sì jókòó sínú ẹrẹ̀ tòun ti aṣọ opó rẹ̀. Àwọn àgbà kò fún Olúsànyà ní ọbọ̀. Wọ́n lé e kúrò ní abúlé kó tó di ọ̀sán. Ṣàgámù ló kọrí sí. Ọdúnayọ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣí ọ̀nà Akaka fún Láídé, kò lè wò ó lójú.

Ó bá Abíọ́lá lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ó sùn, ó ń mí dáadáa. Ojúọlá jókòó tì í, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú.

"Ta ló sọ ọ́?" ni ìyá àgbà béèrè. "Ìwọ ni, àbí òun?"

"Èmi sọ ọ́, Màmá, wọn ò gbà mí gbọ́. Bàbá Abíọ́lá fúnra wọn ló sọ ọ́ kẹ́yìn."

Ojúọlá mi orí. Baálẹ̀ rán àwọn àgbà wá bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà pé kó padà sílé, kò sì padà títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó fa ìborùn bo orí, ó pe orúkọ Ṣóbọ̀wálé jẹ́jẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ọmọ rẹ̀.